Wílì nìkan kò tó: ìdáhùn fún bàbá kan ní Mopa

Bàbá kan láti Mopa kọ̀wé sí wa báyìí: “Ẹni ọdún 71 ni mí, tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì ni mí, ọmọ ìjọ ECWA sì ni mí. Ìyá àwọn ọmọ mi àgbà ti kú, ọmọ mẹ́rin ló fi sílẹ̀. Mo fẹ́ ìyàwó mìíràn, òun náà bí méjì. Mo ní ilé tí mò ń gbé níbí, ilé kan tí mi ò tíì parí ní Lọ́kọ́jà, oko kajú tí mo gbìn sórí ilẹ̀ bàbá wa, àti owó díẹ̀ ní báǹkì. Mo sì ti ṣèlérí pílọ́ọ̀tì kan fún ìjọ. Mo fẹ́ kọ wílì, ṣùgbọ́n ọmọ mi tó jẹ́ pásítọ̀ ní àìnígbàgbọ́ ni, pé ẹni tó ń palẹ̀ ikú mọ́ ń ránṣẹ́ pe ikú ni. Àbúrò mi ní kí n má da ara mi láàmú, níwọ̀n ìgbà tí mo ti fi àkọ́bí mi ṣe next of kin ní báǹkì. Mi ò fẹ́ kí òkú mi sùn ní mọ́ṣúárì fún oṣù mẹ́ta, mi ò fẹ́ kí wọ́n yá owó sin mí, mi ò sì fẹ́ kí wọ́n ta oko torí kí n lè pẹ́ lórí ẹ̀rọ ní ọsibítù. Ṣé kí n kó gbogbo rẹ̀ sínú wílì? Ṣé kí àwọn ọmọ mọ ohun tí mo kọ?”

Bàbá, òkun o. Rárá, ẹ má kó gbogbo rẹ̀ sínú wílì. Ìgbà tí wọ́n ń ṣí wílì ni ọ̀rọ̀ wà. Ọ̀pọ̀ ẹbí kì í ṣí i títí òkú yóò fi wọlẹ̀ tí àlejò yóò fi túká. Bí ẹ bá kọ sínú rẹ̀ pé kí wọ́n má fi yín sí mọ́ṣúárì ju ọ̀sẹ̀ kan lọ, nígbà tí wọn yóò bá kà á, ẹ ti lo oṣù mẹ́ta níbẹ̀, wọ́n ti pa màlúù, gbèsè ti wọlé. Èyí tó jẹ mọ́ àìsàn tún le jù bẹ́ẹ̀ lọ, torí ẹ ṣì wà láàyè nígbà tí ẹ nílò rẹ̀, wílì kò sì lágbára kankan níwọ̀n ìgbà tí ẹni tó kọ ọ́ bá ṣì ń mí. Ìwé mẹ́ta lẹ nílò: èyí tí wọn yóò lò nígbà tí ẹ bá wà lórí ibùsùn, èyí tí wọn yóò lò láàárín ikú àti ibojì, àti wílì, tó jẹ́ ti ohun tó bá kù lẹ́yìn náà.

Ká kọ́kọ́ mú ọ̀rọ̀ pásítọ̀ kúrò lọ́nà, torí bí ọkàn yín kò bá balẹ̀ níbẹ̀, ẹ ò ní fọwọ́ sí ìwé kankan. Ẹ ní kó ṣí Aísáyà orí 38. Ọlọ́run ló rán wòlíì sí Hesekáyà pé kó palẹ̀ ilé rẹ̀ mọ́ torí pé yóò kú. Ọba náà gbàdúrà, Ọlọ́run sì fi ọdún 15 kún ọjọ́ rẹ̀. Ilé tó palẹ̀ mọ́ kò pa á. Kó tún ka Hébérù 11 ẹsẹ 22: nínú gbogbo ohun tí Jósẹ́fù gbé ṣe ní Íjíbítì, èyí tí wọ́n mú jáde níbẹ̀ gẹ́gẹ́ bí iṣẹ́ ìgbàgbọ́ ni pé ó pàṣẹ nípa egungun ara rẹ̀ nígbà tó ń kú lọ. Jésù pàápàá, lórí àgbélébùú, fa ìyá rẹ̀ lé ọmọ ẹ̀yìn kan lọ́wọ́. Àmọ́ ẹ fetí sí ohun tó wà lábẹ́ ọ̀rọ̀ ọmọ yín pẹ̀lú. Ó lè má jẹ́ ẹ̀kọ́ ìgbàgbọ́ ló ń jà fún. Ọmọ ni, kò fẹ́ gbọ́ ikú bàbá rẹ̀. Ẹsẹ Bíbélì kì í tu irú ẹni bẹ́ẹ̀ nínú tó iṣẹ́ tí ẹ bá gbé lé e lọ́wọ́. Ẹ fi í ṣe ọ̀kan nínú àwọn tí lẹ́tà ìsìnkú yín yóò wà lọ́wọ́ wọn.

Ohun tí àbúrò yín sọ ló léwu jù nínú gbogbo rẹ̀, torí gbogbo ayé ló gbà á gbọ́. Next of kin kì í ṣe ajogún. Ẹni tí báǹkì tàbí ọsibítù yóò pè bí nǹkan bá ṣẹlẹ̀ ni. Bí báǹkì bá ti gbọ́ pé oníkáàǹtì kú, wọn yóò ti káàǹtì náà pa títí ẹni tó ní àṣẹ kóòtù yóò fi dé. Bí wílì bá wà, àwọn tí ẹ yàn sínú rẹ̀ láti mú un ṣẹ ni yóò lọ gba àṣẹ náà, èyí tí wọ́n ń pè ní Probate. Bí kò bá sí wílì, ẹbí yóò lọ tọrọ Letters of Administration, ìyẹn ìwé àṣẹ láti bójú tó dúkìá òkú, ní Kóòtù Gíga ní Lọ́kọ́jà. Ẹ má rò pé ọjọ́ kan ni. Wọn yóò béèrè ìwé ẹ̀rí ikú láti ọsibítù àti ti àjọ ìkànìyàn, NPC. Wọn yóò fi fọ́ọ̀mù ránṣẹ́ sí báǹkì kí wọ́n kọ iye tó wà níbẹ̀. Àwọn kan yóò dúró ṣe onídùúró. Wọn yóò kéde rẹ̀ nínú ìwé ìròyìn, wọn yóò sì fi àyè sílẹ̀ bóyá ẹnì kan ní àtakò. Ẹbí yóò sanwó tí wọ́n ṣírò lórí iye dúkìá kí ìwé tó jáde. Bí ọmọ kan ní Abuja bá bínú tí kò fọwọ́ sí i, ó lè dúró sójú kan fún ọdún púpọ̀. Àwọn ọmọ kan a máa rò pé àwọn gbọ́n, wọ́n á mú káàdì ATM bàbá tó ti kú, wọ́n á máa fa owó díẹ̀díẹ̀. Owó òkú tí kóòtù kò tíì fi lé ẹnikẹ́ni lọ́wọ́ ni wọ́n ń ná. Ọmọ ìyá wọn lè pè wọ́n lẹ́jọ́ kí wọ́n wá ṣírò rẹ̀, kọ́bọ̀ lórí kọ́bọ̀.

Ìyàwó yín ni ọ̀rọ̀ yìí máa ń já lé lórí. Ní àṣà Yorùbá tí kóòtù mọ̀, ọmọ ló ń jogún, opó kì í jogún ọkọ. Bí ẹ kò bá kọ nǹkan kan sílẹ̀, ibi tí yóò máa gbé lẹ́yìn yín wà lọ́wọ́ àwọn ọmọ, títí kan àwọn mẹ́rin tí kì í ṣe òun ló bí wọn. Ìgbéyàwó tí ẹ bá ṣe lábẹ́ òfin ìjọba lè yí èyí padà, ìdí nìyí tí ẹ fi gbọ́dọ̀ wo ìwé ìgbéyàwó yín lónìí. Kì í ṣe gbogbo ìwé tí ìjọ fún ènìyàn lọ́jọ́ ìgbéyàwó ni ìwé òfin. Ìjọ gbọ́dọ̀ wà lára àwọn tí ìjọba fún láṣẹ láti so ènìyàn pọ̀, ìwé náà sì gbọ́dọ̀ jẹ́ Fọ́ọ̀mù E ti òfin ìgbéyàwó. Bó bá jẹ́ ìdáná nìkan lẹ ṣe, tí pásítọ̀ sì súre fún yín lẹ́yìn rẹ̀ tó fún yín ní ìwé ìbùkún, ìgbéyàwó ìbílẹ̀ ni lójú òfin bí ó tilẹ̀ jẹ́ inú ṣọ́ọ̀ṣì ni wọ́n ti kọrin. Bí ẹ bá fẹ́ lọ ṣe é ní rẹ́jísírì báyìí, ẹ ṣe é kí ẹ tó fọwọ́ sí wílì. Ìgbéyàwó lábẹ́ òfin a máa pa wílì tó ti wà ṣáájú rẹ̀ rẹ́, àríyànjiyàn lórí pé bóyá ti obìnrin kan náà ni kò pa á rẹ́ kì í ṣe ẹjọ́ tó yẹ kí àwọn ọmọ yín máa lówó fún.

Ẹ wo bí pínpín ṣe máa rí bí kò bá sí wílì. Ọ̀nà méjì ni àṣà mọ̀. Ìdí-igi ni kí wọ́n pín in ní iye ìyàwó, orí-ò-jorí ni kí wọ́n pín in ní iye ọmọ. Ẹjọ́ Dawodu àti Danmole dé Privy Council ní Lọ́ńdọ̀nù, tó jẹ́ kóòtù tó ga jù fún wa nígbà náà, ní 1962, ibẹ̀ ni wọ́n ti sọ pé ìdí-igi ni àṣà gan-an, pé olórí ẹbí lè lo orí-ò-jorí bí ìjà bá dé. Ní ìdílé yín, bí wọ́n bá fi ìdí-igi pín in, ọmọ kọ̀ọ̀kan nínú àwọn méjì ìkẹyìn yóò gba ìdámẹ́rin gbogbo dúkìá, ọmọ kọ̀ọ̀kan nínú àwọn mẹ́rin àgbà yóò gba ìdámẹ́jọ. Bó bá jẹ́ orí-ò-jorí, ìdámẹ́fà-mẹ́fà ni. Àwọn àgbà tó bá yín gbin kajú láti ìgbà èwe wọn yóò fẹ́ orí-ò-jorí, àwọn àbúrò wọn yóò ní àṣà ni àṣà, ìjà ti bẹ̀rẹ̀ nìyẹn, kò sì sí ẹni burúkú kan láàárín wọn. Ní ti àwọn obìnrin inú wọn, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tàn yín pé wọ́n ti lọ sílé ọkọ. Àṣà Yorùbá kò yọ ọmọbìnrin kúrò nínú ogún bàbá rẹ̀. Àwọn ọmọbìnrin Selofehádì gba tiwọn nínú Númérì 27. Kóòtù Gíga Jù Lọ sì sọ ní 2014, nínú ẹjọ́ Ukeje tó wá láti ilẹ̀ Ìgbò, pé àṣà tó bá ní kí ọmọbìnrin má jogún bàbá rẹ̀ tako òfin ìpìlẹ̀ ilẹ̀ wa.

Nígbà náà, kí lẹ lè fi sínú wílì? Ohun tó jẹ́ tiyín gan-an ni. Ilé Lọ́kọ́jà, bó bá jẹ́ ẹ̀yin lẹ ra ilẹ̀ rẹ̀, kò ní wàhálà púpọ̀. Ilé Mopa, ẹ béèrè lọ́wọ́ ara yín pé ta ló ni ilẹ̀ tó dúró lé. Oko kajú ni mo fẹ́ dúró lé, torí ibẹ̀ ni wílì tó dára máa ń fọ́ sí. Ẹ̀yin lẹ gbin igi, ẹ̀yin lẹ sanwó ìro, ẹ̀yin lẹ̀ ń kó èso rẹ̀. Síbẹ̀ ilẹ̀ bàbá yín ni, ti gbogbo ọmọ bàbá yín ni, gbígbìn igi tàbí kíkọ́ ilé sórí ilẹ̀ ẹbí kì í sọ ọ́ di ti ẹni kan. Bí ẹ bá kọ ọ́ sí wílì pé ti ọmọ yín kẹta ni, ọjọ́ tí àbúrò yín bá dìde, ọ̀rọ̀ náà kò ní ẹsẹ̀ tí yóò fi dúró. Ohun tó ń tún un ṣe ni pé kí ẹbí pín ilẹ̀ náà nígbà tí ẹ ṣì wà láàyè. Ẹ pe olórí ẹbí àti àwọn olórí ìdí kọ̀ọ̀kan jọ, kí wọ́n yọ apá tiyín sọ́tọ̀, kí wọ́n sì fọwọ́ sí ìwé ìpín ilẹ̀ tí lọ́yà kọ. Olórí ẹbí nìkan kò tó, àwọn àgbà ẹbí láìsí olórí ẹbí kò tó rárá. Ẹ mú awọnlẹ̀ tó ní ìwé àṣẹ lọ síbẹ̀ kó ri òpó ààlà mọ́lẹ̀, kó sì ya àwòrán ilẹ̀, ìyẹn ìwé sọ́fè. Pẹ́rẹ́gún nìkan kò tó mọ́. Ó ń kú, wọ́n sì ń tú u gbìn síbòmíràn. Kí àwọn tí ẹ jọ pààlà wà níbẹ̀ lọ́jọ́ náà, kí wọ́n sì kọ orúkọ wọn sílẹ̀. Bí ẹbí bá kọ̀ láti pín in, ẹ gbà bẹ́ẹ̀ pé ẹ kò lè fi ilẹ̀ yẹn jogún fún ẹnì kan ṣoṣo, kí ẹ sì fi ohun mìíràn dí i fún ọmọ tí ẹ ní lọ́kàn.

Pílọ́ọ̀tì ìjọ rọrùn ju bí ẹ ṣe rò lọ, bí ẹ kò bá fi í sílẹ̀ lọ́rọ̀ ẹnu. Ìlérí tí ẹ ṣe níwájú pẹpẹ, ọmọ yín kò jẹ́ nǹkan kan lórí rẹ̀ lójú òfin. Ìjọ Mopa fúnra rẹ̀ kò sì lè ni ilẹ̀ ní orúkọ ara rẹ̀. Àwọn aláàbójútó tí ìjọba forúkọ wọn sílẹ̀ fún gbogbo ìjọ náà, Registered Trustees, ni wọ́n ń ní i. Orúkọ wọn pé pérépéré ni kó wà nínú ìwé, kì í ṣe orúkọ pásítọ̀ tó wà níbẹ̀ lọ́wọ́lọ́wọ́, ẹni tí wọ́n lè gbé lọ síbòmíràn lọ́dún tó ń bọ̀. Ní tèmi, ẹ fún wọn nísinsìnyí, ẹ má dúró de wílì. Àwọn ọmọ yóò gbà pé bàbá wọn ló fún wọn bí wọ́n bá rí i lójú wọn.

Ṣé kí ẹ wá pín gbogbo rẹ̀ láàyè nígbà náà? Ábúráhámù ṣe bẹ́ẹ̀ ní apá kan: Jẹ́nẹ́sísì 25 sọ pé ó fún àwọn ọmọ àlè rẹ̀ ní ẹ̀bùn nígbà tó ṣì wà láàyè, ó sì rán wọn lọ, Ísáákì ló gba ìyókù. Ẹ̀bùn láàyè a máa dín ìjà kù, kò sì ní dúró de kóòtù. Ṣùgbọ́n bí ìwé ẹ̀bùn bá ti jáde lọ́wọ́ yín, ẹ ò lè gbà á padà bí ọmọ náà bá yí padà sí yín. Nítorí náà, ilé tí ẹ ń gbé, ẹ má fi fún ẹnikẹ́ni láàyè. Bí ẹ bá fẹ́ fi ilé Lọ́kọ́jà fún ọmọ kan kó lè parí rẹ̀, ìyẹn bọ́gbọ́n mu, torí ilé tí kò parí ń bàjẹ́ lójoojúmọ́. Bí ilẹ̀ rẹ̀ bá ní C of O, ìwé ẹ̀tọ́ ilẹ̀ tí ìjọba ń fún ènìyàn, àṣẹ gómìnà gbọ́dọ̀ wà kí ó tó kúrò ní orúkọ yín, bí Òfin Lílo Ilẹ̀ ti 1978 ṣe sọ. Owó wà nínú ìyẹn, ẹ béèrè iye rẹ̀ kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀.

Ní ti wílì fúnra rẹ̀, ohun tó ń pa á kì í sábà jẹ́ ohun ńlá. Ó gbọ́dọ̀ wà ní kíkọ sílẹ̀. Ẹ ó fọwọ́ sí i ní ìsàlẹ̀, ẹlẹ́rìí méjì yóò wà nínú yàrá kan náà pẹ̀lú yín ní àkókò kan náà, wọn yóò rí yín bí ẹ ṣe ń fọwọ́ sí i, àwọn náà yóò sì fọwọ́ sí i lójú yín. Ibi tí wọ́n ti ń ṣìṣe jù nìyí: bàbá á fọwọ́ sí i nílé, wọ́n á wá gbé e lọ bá ẹlẹ́rìí kan ní ọ́fíìsì, ẹlòmíràn ní ọjọ́ kejì. Wílì yẹn kò dúró. Ẹlẹ́rìí kò gbọdọ̀ jẹ́ ẹni tó ní nǹkan gbà nínú rẹ̀, kò sì gbọdọ̀ jẹ́ ọkọ tàbí aya irú ẹni bẹ́ẹ̀. Bó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀, wílì lè dúró ṣùgbọ́n ẹni náà pàdánù ìpín tirẹ̀. Ọkọ ọmọ yín obìnrin tó bá fi ìfẹ́ ṣe ẹlẹ́rìí lè tipa bẹ́ẹ̀ mú kí ìyàwó ara rẹ̀ pàdánù ilé tí ẹ fi jogún fún un. Ẹ wá ẹni tó kéré sí yín lọ́jọ́ orí tó ṣeé ṣe kó wà láyé nígbà tí wọ́n bá nílò rẹ̀. Bí ẹ bá lè rí dọ́kítà ṣe ọ̀kan, ó dára púpọ̀, torí ohun àkọ́kọ́ tí ẹni tó bá bínú máa sọ ni pé orí bàbá kò pé mọ́. Bí ojú yín kò bá ríran kàwé mọ́, ẹ sọ fún lọ́yà kó kọ ọ́ sí i pé wọ́n kà á fún yín ní Yorùbá, ó sì yé yín.

Orúkọ ọmọ, ẹ kọ ọ́ bó ṣe wà nínú ìwé ìbí tàbí NIN, kì í ṣe orúkọ tí ẹ fi ń pè é nílé. Ilé, ẹ kọ ojú títì rẹ̀ àti nọ́ńbà ìwé sọ́fè rẹ̀. Ẹ kọ ohun tó máa ṣẹlẹ̀ bí ọmọ kan bá ṣáájú yín lọ, ẹ sì kọ ìlà kan fún ohunkóhun tí ẹ kò dárúkọ, títí kan gíráṣúítì bó bá ṣì kù, ṣíà tí ẹ ti ra tipẹ́ àti owó ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀. Ẹ ò gbọdọ̀ fi báírò fa nǹkan rẹ́ nínú rẹ̀ lẹ́yìn náà. Àtúnṣe tún gba ẹlẹ́rìí méjì. Fún ìyàwó yín, èyí tí mo rò pé ó tọ́ jù ni pé kó ní ẹ̀tọ́ láti máa gbé ilé Mopa títí ọjọ́ ayé rẹ̀, kó tó di ti àwọn ọmọ. Ẹ kọ ẹni tí yóò máa ṣe òrùlé rẹ̀, àti bóyá ẹ̀tọ́ náà yóò dópin bó bá fẹ́ ọkọ mìíràn, torí bí ẹ bá dákẹ́ níbẹ̀, wọn yóò bá a jà lórí páànù méjì. Àwọn tí yóò mú wílì ṣẹ, ẹ yàn méjì: ọmọ kan tó ń gbé nítòsí, àti àgbàlagbà kan nínú ìjọ tí kò ní ìpín níbẹ̀. Ọmọ tó wà ní Amẹ́ríkà lè jẹ́ olóòótọ́, ṣùgbọ́n ìbúra àti fífọwọ́sí fọ́ọ̀mù láti ọ̀nà jíjìn yóò fa ọwọ́ aago sẹ́yìn. Ẹ di wílì náà, kí ẹ fi sí ọ́fíìsì Probate ní Kóòtù Gíga, ẹ sì fi ìwé ẹ̀rí tí wọ́n bá fún yín pamọ́ síbi tí ìyàwó yín mọ̀. Wílì tí ẹnikẹ́ni kò rí kò yàtọ̀ sí èyí tí ẹ kò kọ.

Lẹ́tà ìsìnkú kúrú, ojú ìwé kan ti tó, ó sì gbọ́dọ̀ wà lọ́wọ́ ìyàwó yín, pásítọ̀ ọmọ yín, àti ọ̀kan nínú àwọn alàgbà ìjọ. Òótọ́ ibẹ̀ ni pé òfin kì í fi bẹ́ẹ̀ de ẹbí mọ́ ọn. Bí àwọn àgbà ẹbí bá pinnu pé àwọn máa sin yín bí àwọn ṣe fẹ́, lẹ́tà lásán kò ní dá wọn dúró. Agbára rẹ̀ wà nínú àwọn tó ti gbọ́ ọ lẹ́nu yín. Jákọ́bù mọ èyí, òun ló fi mú kí Jósẹ́fù búra fún un nípa ibi tí wọn yóò sin ín sí. Ẹ wá wo ohun tó ń mú kí òkú pẹ́ ní mọ́ṣúárì. Ó ṣọ̀wọ́n kó jẹ́ ìfẹ́ nìkan. Wọ́n ń dúró de ọmọ tó wà lókè òkun, wọ́n ń kun ilé tó ti ń ya, wọ́n ń tún ilé ìgbọ̀nsẹ̀ ṣe fún àlejò, wọ́n ń dá aṣọ ẹbí, wọ́n ń wá owó. Ẹ yọ ìdí wọ̀nyẹn kúrò lọ́kọ̀ọ̀kan: ẹ kun ilé nísinsìnyí tí ẹ lè gbádùn rẹ̀; ẹ kọ ọ́ pé ọmọ tí kò bá lè dé láàárín ọjọ́ méje kó wò ó lórí fóònù, kó wá ṣe ìdúpẹ́ nígbà tó bá rọrùn fún un; ẹ kọ ọ́ pé kò sí aṣọ ẹbí, ẹ sì kọ iye owó tí ìnáwó kò gbọdọ̀ kọjá. Ẹ dárúkọ ibi tí ibojì yóò wà. Bí ẹ bá fẹ́ kó wà nínú ọgbà ilé, ẹ rántí pé ilé tí ibojì wà lójúde rẹ̀ máa ń ṣòro tà, bó bá dé ọ̀ràn yẹn. Ẹ kọ ohun tí ẹ kò fẹ́ kí wọ́n fi ojú opó rí pẹ̀lú, kí ìyàwó yín lè fi lẹ́tà náà hàn ẹni tó bá fẹ́ fá a lórí tàbí kó tì í mọ́lé.

Owó tí wọn yóò fi ṣe é, ẹ pèsè rẹ̀ síbi tí ikú kò ti ní tì í pa. Ní òfin, owó ìsìnkú tó bá mọ níwọ̀n ni dúkìá òkú máa ń san kí wọ́n tó pín ogún, ṣùgbọ́n àsìkò ìsìnkú gan-an ni báǹkì ti káàǹtì, ìdí nìyẹn tí ẹbí tó lówó fi ń yáwó. Káàǹtì kan tí ẹ̀yin àti ìyàwó yín jọ ni, tí ẹ ti fọwọ́ sí ìwé ní báǹkì pé ẹni tó bá kù lè máa gbówó níbẹ̀, ti tó. Ẹ má fi owó púpọ̀ síbẹ̀. Iye tí yóò san pósí, ibojì, mọ́ṣúárì fún ọ̀sẹ̀ kan àti oúnjẹ ìwọ̀nba ni.

Ó wá kan ibùsùn àìsàn. Ohun tí ẹ béèrè kì í ṣe pípa ara ẹni. Ìyàtọ̀ wà láàárín kí ènìyàn kọ ìtọ́jú tí kò lè wò ó sàn mọ́ àti kí ó ní kí wọ́n fún òun ní ohun tí yóò pa òun. Èkejì jẹ́ ẹ̀ṣẹ̀ lójú òfin wa àti lójú ìjọ. Èkíní jẹ́ ẹ̀tọ́ yín. Kóòtù Gíga Jù Lọ sọ ọ́ ní 2001 nínú ẹjọ́ Dókítà Okonkwo, níbi tí aláìsàn kan ti kọ ẹ̀jẹ̀: àgbàlagbà tí orí rẹ̀ pé lè kọ ìtọ́jú. Òfin Ìlera ti 2014 tún sọ pé dókítà gbọ́dọ̀ ṣàlàyé ẹ̀tọ́ yẹn fún yín. Ìṣòro ibẹ̀ ni ọjọ́ tí ẹ kò bá lè sọ̀rọ̀ mọ́; ẹbí ni wọn yóò kọjú sí, ẹbí tó ń sunkún kì í sì lè sọ pé ó tó. Nítorí náà, ẹ kọ ìwé kan tí ẹ ó fọwọ́ sí níwájú ẹlẹ́rìí méjì, kí ẹ sì ní kí dókítà yín fi ẹ̀dà rẹ̀ sínú fáìlì yín, ní Egbe ni o, ní Lọ́kọ́jà ni o. Ẹ dárúkọ ẹnì kan ṣoṣo tí yóò gbẹnu sọ fún yín. Ẹ má kọ “mi ò fẹ́ ẹ̀rọ” lásán, torí ẹ̀rọ mímí fún ọjọ́ mẹ́ta lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ lè gbà yín là. Ẹ kọ ọ́ pé bí dókítà méjì bá gbà pé àìsàn náà kò ní àbọ̀, kí wọ́n má fi yín sórí ẹ̀rọ mímí tàbí ẹ̀rọ tó ń fọ ẹ̀jẹ̀, kí wọ́n má sì ta oko. Kí wọ́n fún yín ní oògùn ìrora tó pọ̀ tó, kí wọ́n gbé yín wálé.

Oògùn ìrora yẹn sì gba ọ̀rọ̀. Fún ìrora jẹjẹrẹ tó le, mọ́fíìnì olómi ni wọ́n sábà máa ń lò, wọ́n sì ń lò ó ní wákàtí mẹ́rin-mẹ́rin láìdúró de ìrora kó tó padà, pẹ̀lú oògùn tí kò ní jẹ́ kí ìgbẹ́ le. Àwọn ẹbí máa ń bẹ̀rù pé ó ń pa ènìyàn. Ní ìwọ̀n tí dókítà bá fi bẹ̀rẹ̀ tó sì ń fi kún un díẹ̀díẹ̀, kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Ní UCH Ìbàdàn, ẹ̀ka kan wà tó jẹ́ pé irú ìtọ́jú yìí ni iṣẹ́ wọn. Ọsibítù tó sún mọ́ yín lè béèrè ìmọ̀ràn lọ́wọ́ wọn. Nílé, ẹ kọ́ ìyàwó yín pé kó máa yí aláìsàn padà ní wákàtí méjì-méjì kí ara má baà bó, kó máa fi òwú tútù pa ètè, kó má sì fi agbára ki oúnjẹ bọ ẹnu ẹni tí kò lè gbé e mì, torí inú ẹ̀dọ̀fóró ló máa ń gbà.

Ní ti pé kí àwọn ọmọ mọ̀: ẹ ka ìwé àìsàn àti lẹ́tà ìsìnkú fún gbogbo wọn nígbà tí wọ́n bá wálé ní Kérésì, kí wọ́n gbọ́ ọ pọ̀. Wílì, mi ò ní kí ẹ kà á fún wọn tán. Ẹ sọ ìdí fún wọn, pàápàá fún àwọn mẹ́rin àgbà nípa ẹ̀tọ́ ibùgbé ìyá àwọn àbúrò wọn, torí ohun tó ń dá ìjà sílẹ̀ jù ni kí ènìyàn kọ́kọ́ gbọ́ ọ lẹ́nu akọ̀wé kóòtù. Iye owó lè dúró sínú èdìdì. Ẹ béèrè iye tí lọ́yà yóò gbà kí ẹ tó jókòó tì í, ẹ sì mú ìwé ìgbéyàwó, ìwé sọ́fè àti orúkọ ọmọ mẹ́fẹ̀ẹ̀fà dání lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Bí ìgbéyàwó kejì yẹn bá rí bí mo ṣe fura, pé ti ìbílẹ̀ nìkan ni, òun ni lọ́yà náà gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ yanjú.